Ẹsẹ̀ Tó Tẹ Amọ̀ Ilé Ìjókòó

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, ẹsẹ̀ mi ni Ọ̀gá Sámúẹ́lì wò, kò wo ojú mi. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Mo bọ́ ọ. Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè kí òun rí àtẹ́lẹsẹ̀ mi, bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran lọ́jà. Ó wá ní, "Ó dára. Ẹsẹ̀ yìí ti rìn. Máa bọ̀ lọ́la kí oòrùn tó mú."

Inú mi dùn, nítorí láti kékeré ni n kò ti fẹ́ kí ènìyàn máa wo ojú mi. Mo kàwé dé kíláàsì karùn-ún, ìyá mi ṣaláìsí, mo sì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ ní àdúgbò Houinmè. Ọwọ́ mi mọ́ lórí ẹ̀rọ, ẹnu mi ni kò jẹ́. Bí oníbàárà bá ní kí n fún ẹ̀gbẹ́ aṣọ òun, màá ní, "Ẹ ṣé, mà." Bí òun kan náà bá padà ní kí n tú u sílẹ̀, màá tún ní, "Ẹ ṣé, mà." Obìnrin kan mú aṣọ wá pé kí n fi rán kaba tó balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n, mo rí i pé aṣọ náà kò lè tó, ṣùgbọ́n n kò lè là á mọ́lẹ̀ fún un. Mo rán an dé ibi tó dé. Orúnkún ló dé. Ọ̀gá mi obìnrin ní ọwọ́ mi dára, ṣùgbọ́n kí n lọ wá iṣẹ́ tí kò ní oníbàárà.

Amọ̀ kò ní oníbàárà. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ilé tí a fẹ́ tún kọ́ ni Ilé Ìjókòó agboolé ìyá mi, ní Djègan-Kpèvi, níbí ní Àjàṣẹ́. Kì í ṣe ilé tí ènìyàn ń sùn sí. Yàrá gbọọrọ kan ṣoṣo ni. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, pèpéle amọ̀ sì yí i ká nínú, láti apá kan ẹnu ọ̀nà dé apá kejì. Níbẹ̀ la ti ń sọ ọmọ lórúkọ, níbẹ̀ la ti ń gba àlejò ìdána, níbẹ̀ la ti ń parí ìjà. Àwọn tó kọ́ ọ fi òfin kan sílẹ̀: àga kì í wọ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í dìde dúró sọ̀rọ̀. Olórí ilé ń jókòó sọ̀rọ̀, ìyàwó tó wọlé lánàá náà ń jókòó sọ̀rọ̀. Pèpéle kan náà, gíga kan náà.

Òrùlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, kálukú sì ń retí pé ẹlòmíràn ló máa ṣe é. Ní àsìkò òjò kan, ògiri ìhà ìlà-oòrùn wó, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà náà, abẹ́ báàṣì tí a ta bí àgọ́ là ń pàdé, lórí àga rọ́bà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, nítorí àga rọ́bà fúyẹ́. Bí inú bá bí ènìyàn, á dìde, á gbé àga rẹ̀, á sì máa lọ. Bàbá Tàfá tó ń lẹ táyà alùpùpù ní ẹ̀bá títì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, àga náà kò padà wá mọ́. Agboolé ti pín sí méjì lórí ilẹ̀ tí a ń sin òkú wa sí: àwọn kan fẹ́ kí a mọ odi yí i ká, àwọn kan ní odi á ti ìdílé tiwọn síta. Kò sí bí a ṣe lè parí rẹ̀, nítorí kò sí ìpàdé tí ẹnì kan kì í gbé àga kúrò níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn wá gbà pé kí a tún Ilé Ìjókòó kọ́, ohun àkọ́kọ́ tí apá méjèèjì fẹnu kò lé lórí láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní tí àwọn ọmọ ilé tó wà ní Èkó àti Abẹ́òkúta bá wálé ní ọdún Àjíǹde, inú ilé tuntun la ti máa sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà, ní ìjókòó.

Mùsíyè Bánkọ́lé ni wọ́n fi ṣe olórí kòmìtéè. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì kò kúrò lápò rẹ̀. Ohun tó bá wù ú kí a ṣe, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i. Ọ̀gá Sámúẹ́lì sì ni másọ́n, ẹni tó ń mọ ilé náà. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, àwọn tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà, òun kò sì wọ bàtà níbi iṣẹ́ náà. Ó máa ń ní, "Ẹsẹ̀ tó bá mọ ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní ṣàjèjì sí amọ̀." Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ amọ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kọ́ iṣẹ́ sìmá, ìyẹn sìmẹ́ńtì.

Iṣẹ́ náà kò le láti ṣàlàyé, ó kàn pẹ́ ni. A fọ́ ògiri àtijọ́ tó wó, a rin ín, a sì pò ó pọ̀ mọ́ amọ̀ pupa tuntun tí ọkọ̀ kó wá láti ọ̀nà Akpro-Missérété. A da omi sí i, a gé koríko gbígbẹ sí i, a bò ó, a sì jẹ́ kí ó sùn. Bí amọ̀ bá sùn fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, omi á wọ inú gbogbo kókó rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wọ inú rẹ̀, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, èmi àti obìnrin mẹ́ta mìíràn. Ọ̀gá á wá fi amọ̀ náà mọ ògiri ní ìpele, ìpele kan kò ju orúnkún lọ. Ìpele kan gbọ́dọ̀ le kí òmíràn tó gùn ún. Ìdí nìyí tí àwọn tí kò ní sùúrù fi ń lo sìmá.

Láti mọ̀ bóyá amọ̀ ti tó, àwọn másọ́n máa ń rọ ìṣù kan, wọ́n á jẹ́ kó já bọ́ láti èjìká. Bó bá fọ́ yángá, ó gbẹ jù. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀kọ tí kò dì, ó rọ̀ jù. Èmi kò nílò rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo rí i pé gìgísẹ̀ mi ń mọ̀. Amọ̀ tí kò tíì tó máa ń ní ohun kéékèèké líle nínú tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, bí ẹ̀wà tí kò jinná lábẹ́ eyín. Èyí tó ti tó a máa gba ẹsẹ̀ wọlé, á sì dá a padà láìjà. Ọ̀gá ṣàkíyèsí pé mo máa ń dúró kí òun tó ní kí n dúró. Kò yìn mí. Ó kàn dẹ́kun rírọ ìṣù. Bó bá fẹ́ mọ̀, á wo ibi tí mo wà: bí mo bá ti jáde lọ fọ ẹsẹ̀, amọ̀ ti tó nìyẹn. Báyìí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ láìsọ̀rọ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Nígbà tó kan ìpele kẹta, èèyàn Ọ̀gá kan kú ní Sèmè, ó sì lọ sìnkú. Ó ní kí a máa tẹ amọ̀ náà, kí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ àgbà mọ ìpele náà bó bá ti tó. Ní ọjọ́ kejì ni Mùsíyè Bánkọ́lé dé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Ó rí i pé àwọn másọ́n jókòó sábẹ́ òjìji.

"Kí lẹ ń retí?"

"Amọ̀ ni, Mùsíyè," ọmọọṣẹ́ àgbà fèsì.

"Amọ̀ ń bọ̀ láti ibo? Ṣebí òun nìyí lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin." Ó kọjú sí mi, nítorí èmi ló sún mọ́ ọn jù. "Àṣàbí, ó ti tó, àbí kò tíì tó?"

Ohùn tí tíṣà fi ń béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ọmọ iléèwé ló fi béèrè. Gbogbo wọn ń wò mí. Àwọn kókó líle náà ń yí lábẹ́ gìgísẹ̀ mi. Mo kúnlẹ̀ sínú amọ̀, mo ní, "Ó ti tó, sà."

Wọ́n mọ ìpele náà ní ọjọ́ yẹn. Mùsíyè fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí orí igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi hàn ibi tí a bá iṣẹ́ dé, ó sì lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá fi máa dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìpele náà ti yọ ikùn síta bí aláboyún, ó sì ti sán débi pé ìka ń wọ inú rẹ̀. Ọ̀gá kò pariwo. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó wú, ó gbẹ́ ẹ díẹ̀, ó sì yọ kókó gbígbẹ kan tó tó ẹyin adìẹ.

"Àṣàbí, ẹsẹ̀ rẹ kò rí eléyìí?"

"Ó rí i, Ọ̀gá."

"Kí lo wá ṣe?"

Mùsíyè Bánkọ́lé dá sí i. "Mo bi í léèrè o. Ó ní ó ti tó."

"Mùsíyè, bí tíṣà lẹ ṣe bi í. Ọmọ iléèwé wo ló ń sọ fún tíṣà pé kò tíì tó?" Mùsíyè wo ilẹ̀. Ọ̀gá wá kọjú sí mi. "Ṣùgbọ́n ẹjọ́ rẹ ni, kì í ṣe tiwọn. Wọn kò mọ̀. Ìwọ mọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá mọ̀ tí ẹnu kò sọ, orí ẹni ẹlẹ́ni ni ògiri ń wó lé." Ó sọ fún àwọn yòókù pé, "Ẹ wó o."

A fi ìrọ̀lẹ́ yẹn wó o. Mo sunkún, ṣùgbọ́n òógùn bò ó. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé n kò purọ́ nítorí ohun kan. N kò fẹ́ gba ohunkóhun, n kò fẹ́ bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbé ojú kúrò lára mi ni. Nígbà tí a ń fọ ọwọ́, Ọ̀gá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo àwọn èérún tó wà nílẹ̀. Ó ní, "Sìmá tó bá bàjẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Amọ̀ tó bá bàjẹ́, omi ló ń béèrè." A da omi sí i, a bò ó, ó sùn ní àsùntó. Ògiri kan náà la fi í mọ padà. Àṣìṣe mi ṣì wà nínú ògiri ìhà ìlà-oòrùn títí dòní, ó sì le dáadáa.

Wọn kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Bí àwọn obìnrin bá ń bu gààrì fún wa lọ́sàn-án, wọ́n á ní, "Àṣàbí, ṣé ó ti tó, sà?" Bàbá Tàfá kò ní kọjá kó má béèrè láti orí alùpùpù rẹ̀. Nígbà tó yá, èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ń ní, "Ẹ fi kún un."

Ògiri gòkè, a gbé páànù sórí rẹ̀, ó wá ku pèpéle. Ọ̀gá ní kí èmi nìkan máa darí àwọn tó ń tẹ amọ̀ pèpéle, nítorí ara ènìyàn ló máa wà lórí rẹ̀. A mọ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìyàwó ilé wá rẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi amọ̀ tí a sẹ́, bọ́tọ màlúù, àti omi tí a fi se èèpo èso igi irúgbá rẹ́ ẹ. Omi yẹn ló ń jẹ́ kí ara amọ̀ máa dán, kí omi má tètè wọ̀ ọ́. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́. Ibi tí ìyá mi àgbà ń rẹ́ nígbà ayé rẹ̀, èmi ni wọ́n fún. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lọ̀ ọ́ títí tó fi dà bí ara igbá.

Ṣùgbọ́n òjò ọdún yẹn yá. Ó rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, afẹ́fẹ́ tutù, oòrùn kò sì lè wọ abẹ́ páànù. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì kí ìpàdé tó wáyé, gbogbo agboolé wọlé wá wo ilé. Àwọn tó ti Èkó dé ń ya fọ́tò. Àṣà ni pé olórí ilé ló ń kọ́kọ́ jókòó. Bàbá wa àgbà ti fi ọ̀pá rìn dé iwájú pèpéle, ó ti yí ẹ̀yìn sí i, nígbà tí Mùsíyè Bánkọ́lé na ọwọ́ dá a dúró.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká béèrè ná." Ó yíjú sí Ọ̀gá Sámúẹ́lì. "Ọ̀gá, ó ti tó?"

Ọ̀gá ní, "Kì í ṣe ẹsẹ̀ tèmi ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ bi ẹni tó tẹ̀ ẹ́."

Mo wà lẹ́yìn àwọn ènìyàn. Wọ́n ya sọ́tùn-ún sósì, mo sì wá dá wà níwájú gbogbo wọn. Ní àárọ̀ yẹn mo ti fi ọwọ́ kan pèpéle náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú rẹ̀ gbẹ, ó ń dán, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n amọ̀ tó ti gbẹ dé inú, bí o bá gbé ọwọ́ lé e pẹ́, á móoru pẹ̀lú rẹ. Eléyìí kò móoru. Òtútù rẹ̀ ń jáde láti inú bí ìkòkò omi. Mo mọ̀. Mo sì mọ iye ènìyàn tó ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí pèpéle yìí, àti ohun tí wọ́n fẹ́ jókòó sọ lórí rẹ̀.

A kì í dìde sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn. Pèpéle kò sì ṣeé jókòó lé. Mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kò tíì tó, Mùsíyè."

"A ò gbọ́," ẹnì kan sọ lẹ́yìn.

"Kò tíì tó. Òde rẹ̀ ló gbẹ. Inú rẹ̀ ṣì tutù. Bí a bá jókòó lé e ní Sátidé, etí rẹ̀ á ya lọ, a ó sì wó o. Kí a fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tó ti Èkó wá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀? Ṣé ìdúró la máa wà ní Sátidé ni, Àṣàbí?"

Bàbá Tàfá ní, "Kí n lọ gbé àga mi wá?"

"Àga ta ni? Àga agboolé tó wà nílé rẹ," ẹnì kan dá a lóhùn. Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Tàfá pàápàá.

Bàbá wa àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé pèpéle, ó sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na apá sí Mùsíyè kó di òun mú, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú bí ti ọmọdé. Ó ní, "Ọmọ yìí sọ òótọ́. Ó tutù. Àwọn tó kọ́ ilé yìí, ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí nígbà tí wọ́n ń mọ pèpéle. Sátidé, kí kálukú mú ẹní wá."

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé orí ẹní ni ìpàdé àkọ́kọ́ nínú ilé tuntun ti wáyé, ẹní ọ̀ṣọ́, ẹní Nàgó, àti ẹní rọ́bà aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n rà ní Houinmè ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì. Pèpéle dán yí wa ká, ẹnikẹ́ni kò sì fara tì í. Mo kíyè sí ohun kan lọ́jọ́ yẹn: ó ṣòro kí àgbàlagbà fi ìbínú dìde lórí ẹní. Kó tó kó ẹsẹ̀ kan jọ, kó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, kó wá orúnkún kejì, ìbínú á ti dín. Bàbá Tàfá gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìsìnkú gbóná. Ó dé agbedeméjì, ó wò yíká bóyá ẹnì kan máa fà á sókè, kò sí ẹni tó fà á. Ó tún padà jókòó, ó ní, "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mo ń gbọ́." Wọn kò parí rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lọ sílé kí a tó gbàdúrà ìparí, èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí ògiri ti wó. Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn, wọ́n sì parí rẹ̀ lórí pèpéle. Odi yóò wà, yóò sì ní ẹnu ọ̀nà méjì.

Bàbá wa àgbà ló kọ́kọ́ jókòó lé e nígbà tó gbẹ. Ó ránṣẹ́ pè mí kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ti wà níwájú rẹ̀, ó dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Ó ti tó?"

Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó móoru. Mo ní, "Ó ti tó, Bàbá."

Ọ̀gá Sámúẹ́lì ti ń mú mi lọ síbi iṣẹ́ mìíràn láti ìgbà náà, níbi tí àwọn ènìyàn ti fẹ́ kí a tún ilé amọ̀ wọn ṣe dípò kí wọ́n wó o. Mo ti rí i pé amọ̀ náà ní oníbàárà, wọ́n sì ń kánjú bíi ti aránṣọ. Ojú ṣì máa ń tì mí. Mo kàn ti mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo gbọ́dọ̀ lè sọ bí ojú bá tilẹ̀ ń tì mí.

Èmi náà ti ní ẹni tí mò ń kọ́ níṣẹ́. Ó dàgbà jù mí lọ. Ìyá Ṣèyí ni, opó tó ń ti Akpro-Missérété wá láràárọ̀, ó sì ń pè mí ní Ọ̀gá, ohun tí kò tíì mọ́ mi lára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti rẹ̀ mí, onílé dúró sí orí wa, ìpele kan péré ló kù kí a lọ. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó amọ̀. Ìyá Ṣèyí kò kúrò nínú amọ̀. Ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Kò tíì tó."

Onílé wò mí. Mo wọ inú amọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jáde, mo fọ ẹsẹ̀, mo fi aṣọ bo amọ̀ náà, a sì kí onílé pé ó dàárọ̀.